Sùrájù àti Wáyà Bàbá Wa

Bàbá wa kò fẹ́ràn iṣẹ́ iná láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Lọ́kọ́ja, aṣọ ni bàbá tiwọn náà tà nígbà tó ti Ìlọrin wá, wọ́n sì ti fi ọkàn sí i pé Sùrájù, àbúrò mi ọbàkan, ló máa jókòó sí ìsọ̀ lẹ́yìn àwọn. Nígbà tí yunifásítì gbà á ní Sáríà láti kọ́ nípa ẹ̀rọ iná, wọ́n ní, "Ó fẹ́ di agunpòókiri, ẹni tó ń gun òpó iná káàkiri." Wọ́n sọ ọ́ débi pé àwọn oníbàárà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Síbẹ̀, iná wù wọ́n. Ní ọdún 1965, wọ́n bẹ Alfred, akọ̀wé ìjọba ará Yàgbà tó háyà ilé ẹ̀yìn wa, wọ́n sì fa wáyà láti yàrá rẹ̀ gba òkè àgbàlá wa wọ ìsọ̀, kí aṣọ lè máa dán lójú ẹni tó ń rà á. Okùn kì í sì í wà lókè nílé oníṣòwò aṣọ kí obìnrin má sá nǹkan sí i. Kò pẹ́ tí a fi ń sá aṣọ tútù sórí wáyà náà. Èmi náà sá tèmi.

Sùrájù dé fún ìsinmi, ó gbójú sókè, ó figbe ta. Ó ní oòrùn ti jẹ rọ́bà ara wáyà, irin rẹ̀ ti yọ síta, ẹni tó bá fi ọwọ́ tútù kàn án á kú. Ó sáré lọ sọ fún bàbá.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n sì yíjú sí oníbàárà.

Ló bá ní kí Alfred pa iná lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó gun àkàbà, ó gé wáyà náà, ó ká a sínú àpótí rẹ̀.

Ọ̀tá ẹni là ń bú bí wọ́n ṣe bú u lọ́jọ́ yẹn. "Iná títàn lo lọ kọ́, tèmi lo wá pa! Olè wáyà!"

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í rìnrìn àjò kí bàbá má gbé ọwọ́ lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n ṣe àdúà fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Sùrájù máa padà sílé ìwé, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní kó so wáyà àwọn padà ná.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè so ó. Ìyá mi ń sá aṣọ síbẹ̀."

"Máa lọ nígbà náà. Ọwọ́ mi ò ní kan orí rẹ."

Kò dìde, àfìgbà tí dẹ́rẹ́bà lọ́rì fọn fèrè. Ẹkún ló fi gbé àpótí rẹ̀. Inú bí mi sí bàbá wa, ó ṣì ń bí mi di òní.

Ó ti di ẹnjiníà báyìí. Kò wálé mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀, bàbá á bi wá pé, "Nínú ilé yìí, ta ni iná pa rí?" Kò sí ẹni tó kú. Gbogbo wa la jókòó yí wọn ká, àti ìyá Sùrájù pẹ̀lú, a ṣì wà láàyè.