Ọkọ̀ Tó Tún Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Òdo

Ó yẹ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìran tó ń bọ̀ lè rí i kà: olùkọ́ awakọ̀ àdúgbò wa kì í gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ìka méjì ló máa ń gbé lé e, á wá dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìmọ̀ràn àgbà, títí ilẹ̀kùn á fi pa ara rẹ̀ dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbá a, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó fọwọ́ kan sítíárìn.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ó gùn bí ọjọ́ tí ebi ń pani. Imú rẹ̀ á ti dé oríta kí ìdí rẹ̀ tó kúrò lẹ́nu géètì. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti fi ń kọ́ wa. Ìdí rèé tí gbogbo àdúgbò, títí kan àwọn tí ọkọ̀ wọn ò ju àpótí ìjókòó lọ, fi ń fi àyè tí ọkọ̀ méjì lè gbà sílẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń páàkì. Àlejò á rò pé ojú ń dùn wá ni.

Tí ẹnikẹ́ni bá yin ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn níwájú bàbá yìí, kì í jiyàn. Á ní, “Ìyẹn náà dáa. Ó ní táyà.”

Lọ́dún yìí ni òfin tuntun dé: ọkọ̀ tó bá ti rìn kọjá ọ̀kẹ́ márùn-ún máìlì, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kò gbọ́dọ̀ kọ́ni mọ́. Bàbá sì ti búra pé ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá fẹ̀yìn tì lòun náà máa fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń bójú tó ọ́fíìsì, bá a lọ sí ibi àyẹ̀wò.

Ó bẹjú wo ẹ̀rọ tó ń ka máìlì. “Bàbá, mélòó ló kù kó pé?”

“Mọ́kànlá.”

“Ibi tí à ń lọ ń kọ́?”

“Mẹ́wàá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà kí ẹnikẹ́ni lọ́nà.”

Bàbá ò yà. Ọ̀gá ayẹkọ̀wò tó jáde wá bá wọn, inú ọkọ̀ yìí náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé ìka méjì lé ilẹ̀kùn, ó dúró.

“Òfin ní kí n wà á fún máìlì kan,” ó ní.

Ó wà á jáde. Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Mẹ́sàn-án márùn-ún tò lójú ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń padà dé ẹnu géètì, gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lẹ́, wọ́n di òdo márùn-ún. Ayẹkọ̀wò pa ọkọ̀ náà. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Ìgbà kelòó rèé, ọ̀gá mi?”

“Ìkẹta. Ìwọ lo wà nídìí sítíárìn nígbà kejì. O ń sunkún, torí o ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn wakọ̀.”

Ọmọ náà fi ìgbọ̀nwọ́ gún bàbá rẹ̀. “Bàbá, ta ló bi yín léèrè ìyẹn?”

“Òun náà ló bi mí. Kó kọ òótọ́.”

Ayẹkọ̀wò wo fọ́ọ̀mù pẹ́. “Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ ohun tí ẹ̀rọ bá sọ. Àpótí márùn-ún péré ni wọ́n sì yà síbẹ̀. Àwa tá a ṣe fọ́ọ̀mù ò mọ̀ pé ọkọ̀ kan lè dé ibí.”

Ó kọ òdo márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀: ó yege, kó máa kọ́ni lọ. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó rọra fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, ayẹkọ̀wò sì ti gbé bírò lé e láti àárọ̀ yẹn: ṣé ọkọ̀ tuntun ni, àbí ògbólógbòó? Ẹ̀yin ńkọ́, èwo lẹ̀ bá fàmì sí?