Ẹfọ̀n Tó Gba Ojú Ìwé Méjì

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, síbẹ̀ èmi ni mò ń to ojú ìwé magasíìnì kan ní Kétu: fọ́tò síbí, ọ̀rọ̀ sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá wa ní kí n to ojú ìwé mẹ́jọ fún bàbá kan tó ń ya àwòrán sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù l'Ówódé Onírin, inú mi dùn gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé ọkọ̀ kiri Mile 12 nítorí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yìí.

"Tètè ṣe é o," Bàbá sọ fún mi. "Dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ, tòsì náà ti ń palẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ rí i kó tó lọ."

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tètè ṣe é. Mo tò ó, mo tú u. Mo ní funfun ti pọ̀ jù, mo ní pupa ń ta mí lójú. Ọ̀gá mi ní, "Uncle, ṣé ilé lẹ ń kọ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Irọ́ ni. Mò ń sá fún ọjọ́ tí Bàbá máa ní kò dára ni. Oṣù mẹ́ta lọ báyẹn, la bá tẹ̀ ẹ́ láìfi hàn wọ́n.

Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n nawọ́, àmọ́ ibi tí mi ò sí ni wọ́n nà án sí.

"Ó ti lọ tán," wọ́n ní. "Jókòó, kà á fún mi."

"Àwòrán ni, sà."

"Ta ló yà á? Kà á jàre."

Mo ka idì. Wọ́n rántí ọkọ̀ tí wọ́n yà á sí. Mo ka ẹṣin funfun. Wọ́n bú awakọ̀ tó ní kí wọ́n yà á. Mo wá dé àárín, níbi tí mo ti fi àwòrán kan ṣoṣo gba ojú ìwé méjì: ẹfọ̀n tó dúró sínú òjò, tí omi ń kán létí ìwo rẹ̀. Òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹ́ràn Bàbá.

"Ẹfọ̀n kẹ̀? Mi ò ya ẹfọ̀n rí láyé mi."

Kò sí orúkọ lára ọkọ̀ tí mo ti rí ẹfọ̀n náà. Èmi ni mo dá a pinnu pé ọwọ́ wọn ni. Ká ní mo mú un wá nígbà tí ojú òsì ṣì ń ríran, wọn ì bá ti ní kí n yọ ọ́.

"Ṣé ó dára?"

"Ó dára, sà."

"Ó dára ju tèmi lọ?"

Èmi tí mò ń purọ́ fún ìyàwó, fún onílé, fún ọlọ́pàá, irọ́ kékeré pé kò dára tó tiwọn há mi lọ́fun. Mo wúkọ́.

"Mo ti gbọ́," wọ́n ní. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ojú ìwé náà, wọ́n rọra ń fọwọ́ pa á lọ. "Níbo ni ẹfọ̀n náà parí sí?"

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo mú un débẹ̀.