Àlàájì Làtíìfù àti Òkè Ayọnáyèéfín

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Àlàájì Làtíìfù. Mọ́tò ni wọ́n ń fọ̀ ní Old Kent Road nílùú òyìnbó níbí, ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan sẹ́yìn ni wọ́n ti di onímọ̀ òkè ayọnáyèéfín. Lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á máa ṣàlàyé bó ṣe yẹ ká dáàbò bo àwọn tó ń gbé lẹ́bàá irú òkè bẹ́ẹ̀. Àlàájì kọ́ ilé sí ẹsẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀ kan ní Kamẹrúùnù, àbúrò wọn, Àǹtí Ràfíátù, ló ń gbé ibẹ̀.

Nígbà tí òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín, ìjọba ní kí gbogbo àdúgbò kó lọ sí ìlú kejì. Àwọn aráalé tó kù lọ. Àǹtí Ràfíátù di ẹrù, wọ́n sì jókòó tì í, torí nínú ẹbí wa, àbúrò kì í fi ilé ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ní ọ̀sán Sátidé, gbogbo wa wà ní fúláàtì Àlàájì ní Peckham, ní àjà kẹta, nígbà tí Àǹtí pè lórí fídíò.

“Bọ̀ọ̀dá mi, eérú ti bo òrùlé. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti dúró síta.”

“Ràfíátù, fara balẹ̀. Bí gbogbo yín bá lọ, ta ni á ṣọ́ ilé? Olè ò bẹ̀rù òkè.”

“Àwọn olè ti bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ, Bọ̀ọ̀dá mi. A tiẹ̀ kí ara wa.”

“Ìpayà ló ń pa èèyàn, kì í ṣe iná. Ẹni tó bá ní làákàyè á kọ́kọ́ jókòó, á ronú…”

Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí agogo tó ń kìlọ̀ iná nínú ilé tá a wà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àlàájì gbá báàgì tí páálí ìgbélùú wọn wà nínú ẹ̀ mú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó wọn kọjá, wọ́n sì ti dé ìsàlẹ̀ kí n tó rí bàtà mi. Nígbà tí mo bá wọn níta, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

“Kí ló ń jó?” Àǹtí ń béèrè.

Ìyàwó wọn yọjú lójú fèrèsé. “Búrẹ́dì ló jóná nílé kejì, Àlàájì. Ẹ máa gòkè bọ̀.”

Ohùn Àǹtí tún jáde nínú fóònù. “Bọ̀ọ̀dá mi, ta lẹ ní kó ṣọ́ ilé?”

Àlàájì wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wúkọ́.

“Ràfíátù, mo ti jókòó, mo ti ronú. Mo pa á láṣẹ pé kó o máa lọ.”

“Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá mi,” ni Àǹtí wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo fóònù náà láti ẹ̀yìn èjìká Àlàájì, mo sì rí i pé Àǹtí ti jókòó sínú ọkọ̀, àwọn igi sì ti ń sáré kọjá lójú fèrèsé wọn.