Iná Pupa Tí Kò Ní Gílóòbù

Ẹ má tíì pè mí ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ìyàwó mi sì wà níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, mi ò sì mu nǹkan kan. Mùsùlùmí ni mí.

Láyé òyìnbó ni, ní ìlú Bouaké níbí, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló ta kámíọ̀n rẹ̀ fún mi, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí mo fi ń kó aṣọ lọ sọ́jà Sakassou. Níwájú dírẹ́bà, lẹ́yìn síárìn, iná pupa kékeré kan wà tí wọ́n kọ Faransé sí lábẹ́. Mi ò mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀, mẹkáníìkì ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ládùúgbò Nimbo, ló là mí lóye: "Epo ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá ti tàn, dúró, pa ọkọ̀, wo epo."

Ó dáa. Lọ́jọ́ náà, a ò tíì rìn jìnnà sí Bouaké tí iná fi tàn. Mo dúró, mo wo epo: ó kún. Mo ṣíná, iná kú. A rìn díẹ̀, ó tún tàn! Mo sọ̀kalẹ̀, epo kún dẹ́nu. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà! Òógùn bò mí, ọjà ń tú lọ, Ìyá Rámátù, ìyàwó mi, kò sì yé bi mí pé, "Ṣé ẹ ti wo epo?"

Epo wo ni n ó tún wò?

Inú bí mi. Mo ki ọwọ́ sẹ́yìn iná náà, mo tú gílóòbù náà, mo jù ú sígbó. Ó parí, àbí?

Táyà ò tíì yí lẹ́ẹ̀mẹwàá tí iná náà fi tàn. Ihò lásán ló wà níbẹ̀ o, ó sì pọ́n bí ẹyin iná.

Mo pa ọkọ̀. Èmi àti Ìyá Rámátù sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fà mí láṣọ.

"Bàbá Rámátù," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́, "ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀?"

Ẹsẹ̀ méjì ló yọ síta, bí ẹsẹ̀ mẹkáníìkì tó dùbúlẹ̀ síbi iṣẹ́. Ọ̀kan wọ sálúbàtà, èkejì ò wọ nǹkan kan. Mo ń gbọ́ sípánà: kìrì, kìrì.

"Ta nìyẹn?"

Ohùn kan dáhùn jẹ́jẹ́, Yorùbá ilé wa gan-an: "Ẹ má tíì ṣíná o. Ó ku díẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Kò sẹ́nìkan. Ẹsẹ̀ náà ò sí mọ́.

A ò mú ìdì aṣọ kan. Ẹsẹ̀ la fi rìn padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o wo epo?" Díẹ̀ ló kù kí n bú u! Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti le.

"Irin síárìn yìí ti fẹ́ já, ẹnìkan wá fi bóòtù tuntun dè é. Mẹkáníìkì wo lo lọ bá lẹ́yìn mi?"

Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé. Mo fi Àlùkùráánì búra. Kò gbà. Títí dòní, kì í kí mi. Èmi tí ẹ̀rù bà, èmi náà ni wọ́n tún ń bínú sí!

Mi ò mọ ẹni tó ṣe é, mi ò sì fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tó ń bá a tún un ṣe tẹ́lẹ̀, àti ibi tí onítọ̀hún wà báyìí, bóyá láyé ni àbí lọ́run. Ìbéèrè tí èmi ò bi òyìnbó náà nìyẹn.