Mo pa láptọ́ọ̀pù ọkọ mi dé nítorí àrá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Láti yàrá wa ní Ajangbadi ni ọkọ mi ti ń darí kọ̀ǹpútà Linux kan tó wà lókè òkun. Prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ṣáà ń kú. Ọ̀gá ẹ̀ ní tí prógíráàmù náà kò bá ṣiṣẹ́ láìkú títí dìrọ̀lẹ́ òní, kí ọkọ mi wá iṣẹ́ míì.

Lọ́sàn-án, àrá sán. Mo fi ìró bo dígí bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo sì pa láptọ́ọ̀pù dé. Nígbà tí ọkọ mi ṣí i, prógíráàmù ti kú.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, èmi ni mo fà á."

"Dìde jàre, aya mi. Mo ti ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ lọ, bí a tiẹ̀ pa eléyìí dé."

Ó tẹ nǹkan, ó wo àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà ọ̀hún.

"Ẹnìkan ló wọlé pa á. Orúkọ mi ló fi wọlé."

"Ta ló mọ pásíwọ́ọ̀dù yín?"

"Èmi àtìwọ nìkan."

Mi ò sọ fẹ́nì kankan o! Ó pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù náà, ó tún gbé prógíráàmù dìde. A káwọ́ gbera, a ń wò ó. Ó tún kú lójú wa, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù tuntun.

Mo ṣì nígbàgbọ́ pé á dáa, àmọ́ fóònù ẹ̀ ti ń dún, ọ̀gá ẹ̀ ló ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká sọ fún ọ̀gá?