Gun Àtẹ̀gùn Yẹn Kí N Gbọ́

Bàbá Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí kì í kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò wò. Á dijú, á tẹ́tí, á sì sọ ibi tó ti bàjẹ́ fún ẹni tó ni ín. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní elétí ikún. Obìnrin náà á ní, ọkùnrin tó ń gbọ́ ìró nọ́ọ̀tì tó tú lábẹ́ mọ́tò, tí kì í gbọ́ "ẹ wá jẹun" títí oúnjẹ á fi tutù, irú etí wo nìyẹn? Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí tọkọtaya yìí fẹ́ràn ara wọn, wọn ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó náà ní orúkọ tirẹ̀. Màmá Tẹ̀-ẹ́ ni. Òun ló máa ń wa mọ́tò tí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ dán wò, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè máa wo ọ̀nà kó tún fi gbogbo etí gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dorí kodò, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, á wá máa pariwo, "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!" Ìyàwó á sì tẹ epo mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń pa aáyán. Àwọn ọmọdé ẹ̀bá ọ̀nà á gbà á lẹ́nu wọn, "Màmá, tẹ̀ ẹ́ o!" Bàbá náà ti gbìyànjú àwọn awakọ̀ mìíràn rí, àmọ́ kò sí ẹsẹ̀ ẹni tó dá a lójú bíi ti ìyàwó rẹ̀.

Mọ́tò onítọ́bò ni wọ́n fẹ́ràn jù láti jọ wá àìsàn rẹ̀. Tọ́bò ló máa ń fipá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè dúró sójú kan kó máa mí jẹ́ẹ́jẹ́, kó dà bíi pé kò sóhun tó ń ṣe é. Àmọ́ kó kan òkè, kí awakọ̀ tẹ epo gidi, ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì á máa kọsẹ̀, gìrì, gìrì, bí ẹni tí omi há lọ́fun.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mọ́tò búlúù tí tíṣà kan gbé wá. Ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn kan, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀mpù epo, wọ́n fọ tibí, wọ́n fọ tọ̀hún, pàbó ló já sí.

Bàbá Elétí bi í ní ohun tó máa ń bi gbogbo oníbàárà. "Ìgbà wo ló máa ń ṣe é? Ṣé tó bá dúró ni, àbí tó bá ń gun òkè?"

"Tó bá ń gun òkè ni, Bàbá. Tó bá dúró, ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é."

"Báwo ló ṣe wà nígbà tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wò ó?"

"Ó dúró ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Mọ́tò tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹjọ́ wo ló fẹ́ rò fún yín? Ẹ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ẹnu ẹ̀."

Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́tò náà gba ọ̀nà táńkì omi, níbi tí òkè ti ga jù. "Tẹ̀ ẹ́!" Mọ́tò ta gìrì, ó kọsẹ̀, ó tún kọsẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, Bàbá tú àwọn kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ó ń gbé wọn yẹ̀ wò lójú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara ọ̀kan là, ìlà tín-ín-rín dúdú kan bíi kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà á. Tí mọ́tò bá dúró, iná á dé ibi tó ń lọ. Tí tọ́bò bá ti rọ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà iná á le, iná á sì gba ojú ibi tó là yẹn sá lọ. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n tún gun òkè, ẹ́ńjìnnì ò kọsẹ̀ mọ́. Tíṣà dúpẹ́ títí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, tọkọtaya náà ń lọ sílé wọn, ní àjà tó kẹ́yìn nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó dúró láàárín àtẹ̀gùn, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá wa, ẹ dúró dè mí ná. Àtẹ̀gùn yìí ti ń ga sí i."

"Àgbà ló ń dé, ìyá àgbà."

"Kì í ṣe àgbà. Àyà mi máa ń fún mọ́ra tí mo bá ń gòkè. Tí mo bá ti jókòó báyìí, ó tán nìyẹn."

Ẹ má tíì bá ọkùnrin náà wí, torí kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀, wọ́n so okùn ẹ̀rọ mọ́ ọn lára. Wọ́n ní kò sí nǹkan, kó máa sinmi. Inú ọkọ dùn débi pé ó ń súfèé bọ̀ lọ́nà.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ wọn sọ?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni mo wà tí wọ́n fi wò mí o, Bàbá wa."

"Ṣé níbi tó o ti ń jó lo fẹ́ kí wọ́n ti wò ẹ́ ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ọkọ náà sì bá a rín in. Òun gan-an, tó ń fi àwọn tó ń wo mọ́tò lórí ìdúró ṣe yẹ̀yẹ́, ló rín ẹ̀rín yẹn.

Òṣù yẹn ò tíì parí tí ìyàwó fi pọn omi gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Aládùúgbò ló bá a níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, tó fi orí ti ògiri, bí ẹni tó ń sinmi díẹ̀. Garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti rọra gbé e kalẹ̀, omi náà ò dà nù.

Nílé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ, tí ẹ̀pa ò bóró mọ́, dókítà mìíràn ló bá Bàbá Elétí sọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọdé kan tó ń fi sùúrù bèèrè nǹkan. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ìgbà wo ló máa ń ṣe wọ́n? Ṣé tí wọ́n bá jókòó ni, àbí tí wọ́n bá ń gun òkè?"

Bàbá Elétí gbójú sókè wò ó. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Dókítà ń ṣàlàyé lọ, pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn ti dín, pé ẹ̀jẹ̀ á tó tí ara bá sinmi, kò ní tó tí ara bá ń ṣiṣẹ́, pé àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń ní kéèyàn rìn kíákíá kí wọ́n tó wò ó. Kò sí èyí tí kò yé ọkùnrin náà. Ì bá sàn fún un ká ní kò yé e.

Àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ ní, "Àìsàn là á wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe." Bàbá á ní, "Ta ló wá wo àìsàn náà?" Tíṣà gbé mọ́tò búlúù wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí màmá ti tẹ̀ ẹ́ gun òkè yẹn, mọ́tò òun ò kọsẹ̀ mọ́. Oore ló rò pé òun ń sọ. Bàbá kàn mi orí, ó wọlé, ó sunkún.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ó ti wà nílé ọkọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá kí bàbá rẹ̀, ó bá a níbi tó dúró sí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Kí lẹ̀ ń ṣe níbí? Ẹ jẹ́ ká gòkè."

"Ìwọ máa lọ. Gun àtẹ̀gùn yẹn kí n gbọ́."

"Kẹ́ ẹ gbọ́ kí ni?"

Bàbá ti dijú, ó ti dorí kodò, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ọmọ náà gòkè, ó ké láti òkè pé òun ti dé. Bàbá gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe yára díẹ̀, bó ṣe tún rọlẹ̀. Kò kọsẹ̀ níbì kankan.

"Sọ̀kalẹ̀ wá kó o tún gùn ún. Má rọra lọ."

Ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ wá, ó fẹ́ jiyàn, àmọ́ ó rí ojú bàbá rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," ni bàbá wí.

Ọmọ náà ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì sáré gun àtẹ̀gùn náà.