Ẹ̀rọ Ìdì-Ẹran Tí Mo Fẹ́ Kó Dákẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ọ̀rọ̀ yìí má ṣe kọjá ọ̀dọ̀ yín.

Àbúrò mi tó ń ṣọdẹ ní Ìgbẹmọ fi ọ̀yà méjì ránṣẹ́ sí mi. Ní òwúrọ̀ yìí, mo lọ sí Òkè-Ìlá láti ra ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá tí a di ẹran sí, kí ẹran lè pẹ́ nínú fíríìsà.

Ẹ̀rọ ńlá tí ọmọbìnrin tó ń tà á kọ́kọ́ tàn ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo rọra bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí èyí tí ará ilé kejì kò ní gbọ́?"

Ó kígbe: "Ha, Bàbá! Ta ni ẹ kò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ní ẹran?"

Ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn mi: "Àwa ni o!"

Ìyàwó katikíìsì wa ni, ará ilé kejì gan-an! Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ọdẹ bá fún lẹ́ran gbọ́dọ̀ bù fún aládùúgbò.

Ìbẹ̀rù mú kí n sáré ra kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ẹran kò jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀, ẹran sì ti fẹ́ máa rùn.

Bí mo bá gbé itan kan lọ fún ìyàwó katikíìsì, ṣé kì í ṣe pé mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé mo fẹ́ fi ẹran pamọ́? Bí n kò bá sì gbé e lọ, kí ni wọn yóò máa sọ nípa mi lẹ́yìn Máàsì lọ́jọ́ Àìkú?

Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́ lórí fóònù yín. Ẹni tó bá sì ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó jọ̀wọ́ dáná sun ún.